Kí ló dé tí omi fi dúdú lórí fíìmù MRI kan, tó tún funfun lórí èkejì?

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yìn ń dun màmá mi láti ọdún tó kọjá, ó sì ti dé ibi pé wọn ò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú. Dókítà ní ká lọ ṣe MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi òòfà ńlá yà. A ṣe ti àkọ́kọ́ níbì kan ní Wuse, wọ́n fún wa ní fíìmù àti èsì. Nígbà tó yá, màmá lọ kí àbúrò mi ní Kàdúná, ìrora náà tún le sí i, wọ́n bá tún ya òmíràn níbẹ̀.

Mo gbé gbogbo fíìmù náà sójú fèrèsé, orí mi dàrú. Omi tó yí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ká dúdú kirikiri lórí fíìmù kan, ó funfun báláú lórí èkejì. Ẹ̀yìn kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà! Èsì wá ní eegun kẹta níbi ìbàdí "dúdú lórí T1, ó funfun lórí STIR". Aládùúgbò wa kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé ibi tó bá ti funfun ni àìsàn wà. Ti Kàdúná tún yàtọ̀ pátápátá, kò dán, ó rí ṣákiṣàki. 0.3 Tesla ni wọ́n kọ sí i, ti Wuse jẹ́ 1.5. Ṣé wọ́n kàn gba owó wa lásán ni? Mi ò bèèrè oògùn o. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mò ń wò.

Ìyá Ìbejì Nyanya

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọlọ́run á wo mummy sàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà, torí wọ́n ya ti orí fún ọkọ mi lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé wọn ṣubú. Mo ti fìdí kalẹ̀.

Rédíógíráfà Zaria

Ọmọ Ìlọrin, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Níbi ti dúdú àti funfun yẹn, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ yín jẹ.

Ní CT, àwòrán inú ara tí a ń fi X-ray yà, dúdú àti funfun ní òṣùwọ̀n. Omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, yálà ẹ ṣe é ní Zaria tàbí ní London. MRI ò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni mò ń yan ìbéèrè tí ẹ̀rọ máa bi ara, ìbéèrè yẹn nìkan sì ni ara máa dáhùn. Bí mo bá yí ìbéèrè padà, omi tó dúdú lẹ́ẹ̀kan á funfun.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Omi àti ọ̀rá ara wa kún fún háídírójìn. Nínú òòfà, proton, ìyẹn ẹ̀yà wínníwínní tó wà láàárín háídírójìn, ń yí bírí níye ìgbà tó bá agbára òòfà mu: ní 1.5 Tesla (Tesla ni òṣùwọ̀n agbára òòfà), nǹkan bíi mílíọ̀nù 64 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì rédíò tó bá iye yẹn mu gẹ́lẹ́ la máa ń ta sí wọn. Wọ́n á yẹ̀ kúrò lórí ìlà òòfà, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á sì máa fọhùn sí antẹ́nà tó wà nínú pẹpẹ tí màmá dùbúlẹ̀ lé. Láti ìgbà yẹn, nǹkan méjì ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Àwọn proton ń padà bọ̀ sórí ìlà òòfà. Bí èyí ṣe yá tàbí pẹ́ tó ni T1. Ohùn tí wọ́n jọ ń fọ̀ pọ̀ ń tú ká. Bí ìyẹn náà ṣe yá tàbí pẹ́ tó ni T2. Ara màmá ló ni T1 àti T2, mi ò lè yí wọn padà. Tèmi ni TR, ìyẹn àkókò tí mò ń dúró kí n tó tún ta ìgbì mìíràn, àti TE, àkókò tí mò ń dúró kí n tó tẹ́tí gbọ́ ohùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọyẹ́ ṣàlàyé TR. Ẹ sá áńkárá fẹ́lẹ́ àti aṣọ òfì tó nípọn sórí okùn kan náà. Tẹ́ ẹ bá padà dé lẹ́yìn ìdajì wákàtí, áńkárá ti gbẹ, omi ṣì ń kán lára òfì. Tẹ́ ẹ bá dúró dìrọ̀lẹ́, méjèèjì ti gbẹ, ẹ ò sì lè fi gbígbẹ dá wọn mọ̀ mọ́. TR kúkúrú ni ìdajì wákàtí yẹn. Ọ̀rá ló ń yára bí áńkárá, omi ló ń fà bí òfì.

Ká wá fi iye sí i. Ní 1.5 Tesla, T1 ọ̀rá tó nǹkan bíi 240 ms (1000 ms ni ìṣẹ́jú-àáyá kan), apá funfun ọpọlọ tó bíi 600, apá tó láwọ̀ eérú tó bíi 950, omi tó yí ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ká tó bíi 4000. Bí mo bá lo TR 500, ọ̀rá á ti padà tó 87 nínú ọgọ́rùn-ún, omi ò ní ju 12 lọ. Ẹni tí kò tíì padà ò lóhùn tó máa fọ̀. Ìdí nìyẹn tí omi fi dúdú lórí fíìmù TR kúkúrú tí à ń pè ní T1, tí ọ̀rá sì ń tàn.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Ti áńkárá yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá ti gbẹ tán nírọ̀lẹ́, báwo ni fíìmù kejì ṣe tún fi ìyàtọ̀ hàn, tómi wá di ohun tó funfun jù?

Ẹnjiníà Kàdúná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Kí ló dé tá a ń lọ jìnnà báyìí? Ṣé kì í ṣe iye omi tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà? Ibi tómi bá ti pọ̀ á funfun, ibi tí kò bá ti pọ̀ á dúdú. Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe, mi ò kì í ṣe dókítà, àmọ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu létí mi nìyẹn.

Olùkọ́ Físíìsì, Sabon Gari Kánò

Ẹnjiníà, tó bá jẹ́ iye omi nìkan ni, MRI ì bá ti jẹ́ àwòrán tí kò wúlò. Omi inú apá funfun ọpọlọ tó nǹkan bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ti apá tó láwọ̀ eérú tó bíi 80. Ìyàtọ̀ 10 péré! Ẹ wá wo T1 omi ìta ọpọlọ àti ti apá funfun: ìkan ju ìkejì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà sí méje. Ibẹ̀ ni ọrọ̀ wà. Lọ́dún 1971, Raymond Damadian kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé T1 àti T2 kókó jẹjẹrẹ lára eku gùn ju ti ẹran ara tó dá ṣáká lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ káwọn ènìyàn rí i pé ohùn proton lè wúlò nílé ìwòsàn. Paul Lauterbur àti Peter Mansfield, tí wọ́n wá ọ̀nà láti fi ohùn yẹn ya àwòrán, ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2003. Damadian ò sí níbẹ̀, ó sì bínú débi pé ó fi ìpolówó odindi ojú ewé sínú ìwé ìròyìn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìjà yẹn sílẹ̀.

Iye omi náà ní àwòrán tirẹ̀ o: TR gígùn, TE kúkúrú. Wọ́n ń pè é ní PD, wọ́n ń lò ó fún orúnkún àti oríkèé. Torí náà Ẹnjiníà ò jìnnà sí òótọ́, ọ̀kan lára ìbéèrè tí a lè bi ara ló mú.

Ìdáhùn sí ti Ọmọ Ìlọrin: TE ni. Ẹ jẹ́ ká lo TR 4000, TE 100. Gbogbo nǹkan ti padà tán, àyàfi omi tó padà tó 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n a ò tíì gbọ́ ohùn, a ń dúró. T2 apá funfun ọpọlọ jẹ́ bíi 80 ms, torí náà ní 100 ms, ohun tó kù nínú ohùn rẹ̀ ò ju 29 lọ. Ti apá eérú, tó jẹ́ bíi 100, ku 37. T2 omi tó bíi 2000, 95 ló kù nínú tirẹ̀. Ẹ fi 95 yẹn lu 63 tó padà, ẹ máa rí 60. 60, 37 àti 29: omi ló borí. Omi tí kò lóhùn lórí T1 ló wá ń pariwo lórí fíìmù TE gígùn yìí tí wọ́n ń pè ní T2, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun ò yí padà lára màmá.

Kí ló fà á tí T1 wọn fi yàtọ̀? Eré tí mólékù ń sá ni. Kí proton tó lè padà, ó gbọ́dọ̀ gbé agbára tó gbà sílẹ̀ fún ohun tó yí i ká, ohun náà sì gbọ́dọ̀ máa mì níye ìgbà tó súnmọ́ ti proton. Omi tó dá wà ń mì kíákíá ju ìyẹn lọ fíìfíì, torí náà kò rí ẹni gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá wúwo, ó ń mì ní ìwọ̀n tó bá a mu, ó ń yá. Ní ti T2, bí mólékù ṣe ń lọ́ra sí i ni ohùn ń tètè tú ká. Ìdí nìyẹn tí eegun líle àti iṣan tó so eegun pọ̀ fi ń dúdú lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo fíìmù: ohùn wọn ti kú kí a tó tẹ́tí.

Ìyá Ìbejì Nyanya

Olùkọ́, ẹ kú làálàá, àmọ́ ẹ rọra o, a ò sí ní kíláàsì 😀. Èwo wá ni STIR?

Dókítà Aláwòrán, Jos

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Mi ò ní ka fíìmù tí mi ò rí, nítorí náà ẹ má gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bí èsì fún màmá.

Lára àgbàlagbà, ọ̀rá pọ̀ nínú mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ (kì í ṣe mùdùnmúdùn ẹ̀yìn tí omi yí ká). Nítorí náà ó yẹ kó tàn díẹ̀ lórí T1, ó kéré tán kó tàn ju àwo rọ̀bọ̀tọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí èkejì lọ. Tí eegun kan bá dúdú lórí T1, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan mìíràn ti gba ipò ọ̀rá. Kò dárúkọ nǹkan ọ̀hún. Ó lè jẹ́ omi wíwú torí pé eegun sán, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó tún lè jẹ́ mùdùnmúdùn pupa tó ń sáré ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwa tí à ń ka àwòrán lórílẹ̀-èdè yìí mọ èyí dáadáa: ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, mùdùnmúdùn rẹ̀ lè dúdú lórí T1 láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí pé ara ń fi gbogbo ipá ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè genotype lè pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Ìṣòro T2 ti òde òní ni pé ọ̀rá náà ń tàn lórí rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀nà ìyára tí a fi ń yà á ń ta ìgbì lemọ́lemọ́, ìyẹn ò sì jẹ́ kí ohùn ọ̀rá tètè tú ká bó ṣe yẹ. Ọ̀rá funfun, àìsàn tó kún fómi funfun, wọ́n wà nínú eegun kan náà: ta ló máa dá wọn mọ̀? Nítorí ìyẹn la fi ń lo STIR. Ìgbì kan la kọ́kọ́ ta tó dojú gbogbo proton kodò. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, oníkálùkù máa gba odo kọjá lákòókò tirẹ̀. Ọ̀rá ló yá jù, á dé odo ní nǹkan bíi 160 ms ní 1.5 Tesla. Ìgbà yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀ àwòrán; àkókò ìdúró yẹn là ń pè ní TI. Ọ̀rá ò lóhùn, ó dúdú. Omi tó wà níbi àìsàn ṣì lóhùn, ó tàn. Ọgbọ́n kan náà ni FLAIR tí wọ́n ń lò fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n omi ni ìyẹn ń pa, a sì ń dúró tó nǹkan bíi 2400 ms.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ fetí sílẹ̀: ẹ má lo STIR lẹ́yìn abẹ́rẹ́ gadolinium, oògùn tí a ń gún kí ibi àìsàn lè tàn lórí T1. Gadolinium ń gé T1 kúrú. Ibi tó bá ti mu ún, T1 rẹ̀ lè wá dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀rá, STIR á sì pa á mọ́ ọ̀rá. Àìsàn tí ẹ fi abẹ́rẹ́ wá, ẹ tún fọwọ́ ara yín nù ún.

Ní ti aládùúgbò tó ní ibi tó bá ti funfun ni àìsàn wà, ẹ bá mi kí i, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé e. Lórí T1, ọ̀rá funfun, ẹ̀jẹ̀ tó ti lo ọjọ́ díẹ̀ lára funfun, omi tí púrótéènì rẹ̀ pọ̀ funfun, ibi tó gba gadolinium funfun. Lára èsì màmá gan-an, dúdú ló kọ́kọ́ ṣọ̀fófó lórí T1.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Dókítà, ẹ ṣé, ẹ ṣé. AA ni màmá. Mo ti wo ẹ̀gbẹ́ fíìmù báyìí, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní: TR 520 TE 12 lórí ìkan, TR 3800 TE 102 lórí èkejì. Èyí tí TI 160 wà lára rẹ̀ ni STIR nìyẹn! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé e sójú oòrùn, mi ò rí nọ́ńbà wọ̀nyí. Ó wá ku ti Kàdúná.

Alhaji Garki

Kí la tún ń bèèrè? 0.3 lásán ni. Ẹ mú màmá lọ síbi tí 3 Tesla wà, kẹ́ ẹ sinmi.

Ẹnjiníà Kàdúná

Alhaji, ẹ fara balẹ̀ o. Ibi tí mo ti lè dá sí i nìyí, torí irú ẹ̀rọ 0.3 yìí lèmi ń tún ṣe.

Òótọ́ ni pé ohùn proton kéré nínú òòfà kékeré, ìyẹn ló fa ṣákiṣàki tẹ́ ẹ rí. A lè ya àwòrán náà léraléra ká pa wọ́n pọ̀, àmọ́ kí ó tó dán ní ìlọ́po méjì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ò lè dùbúlẹ̀ gbọnrangandan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó bá sì mira, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n T1 kì í dúró sójú kan. Bí òòfà bá ṣe kéré sí ni T1 ẹran ara àti ti ọ̀rá ń kúrú sí. Nítorí náà, TR àti TI tó dára ní 1.5 kò bá 0.3 mu. Ẹni tó bá lọ da nọ́ńbà Wuse kọ sínú ẹ̀rọ Kàdúná, ọ̀rá ò ní kú lórí STIR rẹ̀. Ní 3 Tesla, òdìkejì ni: T1 gùn, ó sì di dandan kí wọ́n tún TR yàn. Orúkọ T1 kan náà wà lórí fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ dúdú àti funfun inú wọn ò dọ́gba.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń pa ọ̀rá láìlo STIR: wọ́n ń fọkàn sí i pé iye ìgbà tí ọ̀rá ń yí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti omi. Ní 1.5 ìyàtọ̀ yẹn tó bíi 220 Hz (ìgbà 220 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ó ṣeé mú. Ní 0.3 kò ju 45 lọ, ó ti há jù. STIR nìkan tàbí Dixon, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń ya omi àti ọ̀rá sọ́tọ̀, ló kù fún wa. Ooru wá ni olórí ọ̀tá wa. Òòfà "permanent", tí kò nílò iná kó tó jẹ́ òòfà, ni 0.3 tiwa, agbára rẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fún ìwọ̀n Celsius kan tó bá gbóná sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀ sórí mílíọ̀nù 12.8 ìgbà tí proton ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní 0.3: ó lé ní 12,000 Hz, a sì ń wá ìyàtọ̀ 45! Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ amúgbóná mú òòfà náà dúró sójú ìwọ̀n kan. Tí wọ́n bá wá gbé iná lọ ní oṣù March ní Kàdúná, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dá a lóhùn, ẹ̀rọ ò ní ṣeé lò bọ̀rọ̀, kódà tí iná bá dé.

Rédíógíráfà Zaria

Ẹnjiníà ti wí i. Kí n fi kún un fún Alhaji: 3 Tesla dára fún ọpọlọ àti oríkèé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi irin sí ẹ̀yìn aláìsàn, irin yẹn ń ba àwòrán jẹ́ ju bó ṣe ń ba ti 1.5 jẹ́ lọ. Òòfà 1.5 àti 3 wọ̀nyí náà, bí wọ́n bá gbé iná lọ, òòfà ò lọ o! Iná tó ń yí nínú wáyà rẹ̀ ò nílò iná ìta, níwọ̀n ìgbà tí helium bá ṣì mú un tutù dé -269 Celsius. Ẹ̀rọ tó ń mú helium tutù ló máa dúró, helium á sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gáàsì tàbí kẹ̀kẹ́ arọ onírin wọlé nítorí pé iná ti lọ.

Ìyá Ìbejì Nyanya

Ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè kékeré. Nígbà tí wọ́n ya ti ọkọ mi, dókítà ní òun tún fẹ́ òmíràn "láti wo ẹ̀jẹ̀". Wọ́n tún ní ká yọ gbogbo irin kúrò lára. Ṣé nǹkan kan náà ni?

Dókítà Aláwòrán, Jos

Ìbátan ni wọ́n. Irin ń da òòfà tó yí i ká rú, àwọn proton ibẹ̀ ò yí bákan náà mọ́, ohùn wọn sì tú ká kíá ju T2 gangan lọ. Àkókò yẹn là ń pè ní T2*. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ọpọlọ ń fi irin sílẹ̀. Nínú ọ̀nà yíyàwòrán tó ń jẹ́ spin echo, ìgbì kejì ń kó ohùn tó tú ká jọ padà, ọgbọ́n tí Erwin Hahn rí lọ́dún 1950 nìyẹn. Nínú ọ̀nà kejì, gradient echo, a kì í ta ìgbì kejì yẹn, torí pé ìdàrúdàpọ̀ gan-an là ń wá. Àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí kò hàn lórí T2 á wá yọ dúdú. Ohun kan náà ni píìnì híjáàbù tí wọ́n gbàgbé sórí máa ṣe, á gbẹ́ ihò dúdú ńlá sójú àwòrán, yàtọ̀ sí pé ó lè fò lọ gún ènìyàn.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Ó ti yé mi. Wọ́n ní ká tún un yà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti mọ̀ bóyá ó ń dín kù. Wuse ni àbí Kàdúná?

Dókítà Aláwòrán, Jos

Ẹ̀rọ kan náà, sequence (ètò yíyàwòrán bíi T1 tàbí STIR) kan náà, kí TR, TE àti TI má yàtọ̀. Wuse nìyẹn, torí ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi ti Wuse wé ti Kàdúná, ẹnikẹ́ni ò lè sọ bóyá eegun ló yí padà tàbí ẹ̀rọ. Ẹ gba CD dání, kì í ṣe fíìmù nìkan, kí dókítà lè ṣí méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì bá dókítà tó ń tọ́jú màmá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa eegun kẹta yẹn. Ti bóyá iba ń ṣe wọ́n tàbí wọ́n ń rù, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Wọ́n ti rù díẹ̀ o. Mo máa pe dókítà láàárọ̀ ọ̀la. Ṣé wọ́n máa gba owó CD?

Rédíógíráfà Zaria

Àwọn kan ń gbà, àwọn kan kì í gbà. Ẹ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn mìíràn kì í tọ́jú àwòrán pẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn.